Ìwúre fún Ẹni Tó Ń Lọ Yìnbọn Ọ̀nà Jíjìn

Olódùmarè, Ìwọ tí ojú Rẹ dé ibi tí ojú ọdẹ kò dé, ìbà. Ògún Onírè, ìwọ tí o fi irin han ọmọ aráyé, ìbà. Ẹ̀yin baba ọdẹ tí ẹ fi ṣakabùlà ṣọ́ oko, tí ẹ fi ṣọ́ ìlú, tí ẹ gbé ìbọn kọ́ ògiri tí ẹ kò sì padà wá gbé e mọ́, ìbà. Ilẹ̀ tí a tẹ̀ yìí, ilẹ̀ àwọn Ikwerre, tó ń jẹ́ Igwe Ocha kí Gómìnà Lugard tó fi orúkọ Lewis Harcourt pè é ní Port Harcourt ní 1913, ìbà onílẹ̀. Àlejò kì í dé ilé onílé kó máa gbàdúrà láì kí baálé. Odò Bonny, ìwọ tí o gbé étù wọlé, tí o gbé ènìyàn jáde, ìwọ náà, ìbà, nítorí ohun tí ojú rẹ rí kò kéré.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin baba wa, ọmọ Yorùbá tó fi Port Harcourt ṣe ilé, àwọn tó bá ọkọ̀ ojú irin dé àti àwọn tó tẹ̀lé epo rọ̀bì wá, mo kí yín. Kí Onígbàgbọ́ ṣe àmín, kí Mùsùlùmí ṣe àmín, ẹni tó bá sì jẹ́ pé àṣẹ ló mọ̀ ọ́n ṣe, kó ṣe é kó dún.

Ọmọ wa kan tí a bí sí Diobu níhìn-ín, tó ti di ará Amẹ́ríkà báyìí, ń lọ síbi ìdíje ìbọn. Ìbọn elétù dúdú ni, irú étù tí àwọn baba ńlá wa mọ̀, àmọ́ pátákó tí wọn yóò yìn ín sí wà ní 1000 yáàdì, èyí tó lé ní 900 mítà. Ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Mo rí bí àwọn kan nínú yín ṣe fajú ro nígbà tí mo dárúkọ ìbọn, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ní ìlú yìí, bí ìbọn bá dún lóru, ìyá á dìde ka àwọn ọmọ rẹ̀. Nítorí ẹ̀ gan-an ni n kò ṣe fẹ́ gba àdúrà yìí nínú yàrá. Ìta ni mo fẹ́ gbà á sí, kí kálukú mọ ohun tí òun ń ṣe àmín sí.

Ohun tí a ń tọrọ nìyí: kí ìbọn yìí dún, kí ó sì má sí ẹni tí yóò sunkún nítorí ìró rẹ̀. Kí ọta jáde, kó rìn jìnnà, kó kan pátákó, kó parí síbẹ̀. Kí ó jẹ́ pé níbi tí ìbọn ti ń dún láti àárọ̀ di ọ̀sán, oúnjẹ ni wọn yóò jọ jẹ nírọ̀lẹ́. Àṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí étù. Bí a bá wọn étù dúdú sí ọ̀nà 100, 75 jẹ́ iyọ̀ tí òyìnbó ń pè ní saltpetre, 15 jẹ́ èédú, 10 jẹ́ imí ọjọ́. Iyọ̀ yẹn nìkan kì í jó. Èédú nìkan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló ń jó, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń rí i lábẹ́ bọ̀ọ̀lì àti ẹja ní etí títì Aba Road. Imí ọjọ́ nìkan, òórùn ló ní. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé, wọ́n di ohun tó ń gbé òjé fò. Olódùmarè, ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti pàdé lára ọmọ yìí: ilẹ̀ tí a bí i sí, ilẹ̀ tó ń gbé, èdè tó fi ń lá àlá, èdè tó fi ń san owó ilé. Jẹ́ kí ìpàdé wọn gbé e síwájú. Má jẹ́ kí ó bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìwọ̀n tó yẹ ni kí ó máa wọ̀n; kó má pọ̀ jù, kó má kéré jù, kí ọwọ́ rẹ̀ má gbọ̀n nígbà tó bá ń dà á.

Étù kì í fẹ́ ọ̀rinrin. Èyí ni mo fi ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ pé ọmọ Port Harcourt ló ń ṣeré yìí, ọmọ ìlú tí òjò ti ń rọ̀ láti oṣù kẹta títí di oṣù kọkànlá, tí iyọ̀ ń yọ́ nínú ike, tí bàtà ń hu olú lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí nǹkan ṣe rí. Tí étù dúdú bá jó tán, ju ìdajì rẹ̀ lọ ni kì í di afẹ́fẹ́. Apá kan á bá èéfín funfun jáde, apá kan á lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn bí èérí. Níbi tí ojú ọjọ́ bá ti gbẹ, èérí yẹn á le bí àpáta, ọta tó bá tẹ̀lé e kò ní mọ ọ̀nà mọ́. Kí ni àwọn olùdíje wá ń ṣe? Wọ́n á gbé ọ̀pá kékeré kan tó ní ihò nínú sẹ́nu ìdí ìbọn, wọ́n á sì fẹ́ èémí wọn gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí ọ̀rinrin ẹnu wọn lè mú èérí náà rọ̀. Èémí ènìyàn ni wọ́n fi ń tu ìbọn lójú.

Olódùmarè, Ìwọ ló fi èémí yẹn sí imú ọmọ wa. A dúpẹ́ pé ó tó fún un, tó sì ṣẹ́kù tó ń fún irin. Jẹ́ kí èémí rẹ̀ gùn. Bó bá fẹ́ fa ìbọn, jẹ́ kí àyà rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, kó mí jáde díẹ̀, kó di ìyókù mú, kí ìka rẹ̀ má sáré ju ojú rẹ̀ lọ. Ọ̀rinrin tí a bí i sí, tó ń ba aṣọ wa jẹ́, kó ràn án lọ́wọ́ níbi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ bá ti ń jìyà.

Èéfín tí mo sì dárúkọ yẹn, ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Èéfín ìbọn rẹ̀ funfun, afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ kí ó tó ki òmíràn. Tiwa níhìn-ín dúdú. Láti 2016 ni a ti ń nu ojú fèrèsé tí aṣọ ìnuǹkan ń dúdú, tí a ń fẹ imú tí ohun tó ń jáde dà bí yíǹkì, nítorí epo tí wọ́n ń sè nínú igbó, tí wọ́n ń pè ní kpo-fire, àti èyí tí àwọn agbófinró náà ń dáná sun nígbà tí wọ́n bá mú un. Ọlọ́run tó ń gbá ojú pápá ìyìnbọn mọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gbá ojú ọ̀run Port Harcourt mọ́ fún wa. Ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ tí kò yìnbọn rí, má jẹ́ kó dà bí inú ọ̀pá ìbọn tí a kò fọ̀. Àmín yín ti kéré jù. Ẹ tún un ṣe.

Nísinsìnyí, ọta fúnra rẹ̀. Òjé ni wọ́n yọ́, tí wọ́n dà sínú ohun ìdàta, tí wọ́n fi ìda oyin pọ̀ mọ́ ọ̀rá ẹran pa lára. Bí ìka bá fà á, tí iná gbà, yóò lò tó bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kó tó dé 1000 yáàdì. Ẹ bá mi kà á: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ìgbà yẹn gùn. Ẹni tó fẹ́ bá àmì ní ọ̀nà yẹn kò lè fi ìbọn rẹ̀ kọjú sí i tààrà. Òkè ni yóò kọ ẹnu rẹ̀ sí, ọta yóò gun ojú ọ̀run kọjá orí ilé alájà méjì, kó tó máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Láàárín ìgbà yẹn, atẹ́gùn lè yí ọwọ́ padà. Láàárín ìgbà yẹn, ẹni tó yìn ín kò lè pè é padà, kò lè tì í sọ́tùn-ún, kò lè tì í sósì. Ó ti di ẹni tó ń wò bíi tiwa.

Inú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn ni mo ti ń wá Ọ jù, Olódùmarè. Kó tó kan ìgbà yẹn, ọmọ wa ti ṣe tirẹ̀: ó ti wọn étù, ó ti da òjé, ó ti wo àsíá bó ṣe ń fẹ́, ó ti fi awò wo bí ooru ilẹ̀ ṣe ń gbọ̀n níwájú pátákó. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó ń ka máàkì á ṣe tiwọn. Àárín méjèèjì kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan. Gba ibẹ̀ fún un. Kí O sì gba ibẹ̀ fún àwa náà, nítorí kò sí ẹni tó jókòó síhìn-ín tí kò ní ohun kan lójú ọ̀run tó ti fi sílẹ̀ tí kò tíì balẹ̀: ọmọ tí a rán lọ sókè òkun, ẹjọ́ tó wà ní kóòtù, èsì àyẹ̀wò tí a ń retí láti ilé ìwòsàn, owó tí a yá ènìyàn. Ẹ̀yin tó ń rẹ́rìn-ín sí ti owó, ẹ mọ ara yín. Gbogbo ohun tó ti kúrò lọ́wọ́ wa tí kò tíì dé ibi tó ń lọ, Olódùmarè, jẹ́ kó balẹ̀ síbi tí a fojú sùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn gba àdúrà díẹ̀, kí ọmọ náà má rò pé òun ló kọ́kọ́ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nídìí ìbọn.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1874, ní pápá Creedmoor lórí Long Island ní New York, ọmọ Ireland mẹ́fà pàdé ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́fà. Àwọn ará Ireland ti na England àti Scotland lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n sì ń wá ẹni tí wọn yóò tún nà. Ìbọn Rigby ti Dublin ni wọ́n gbé wá, èyí tí wọ́n ń ki láti ẹnu bíi ṣakabùlà wa. Àwọn Amẹ́ríkà gbé Remington àti Sharps, tí wọ́n ń ki láti ìdí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní 800 yáàdì, bẹ́ẹ̀ náà ní 900, bẹ́ẹ̀ náà ní 1000. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, Amẹ́ríkà ní 934, Ireland ní 931. Máàkì mẹ́ta. Ẹ sì gbọ́ ohun tó dùn mí níbẹ̀: ọ̀kan nínú àwọn ará Ireland, Milner lorúkọ rẹ̀, ti yin ọta kan tó bá àárín gbùngbùn àmì. Àmì ẹlòmíràn ni. Máàkì mẹ́rin ni wọn ì bá fún un; òdo ni wọ́n kọ.

Ẹ gbé ọwọ́ lé orí yín. Olódùmarè, má jẹ́ kí ọmọ wa fi gbogbo ọgbọ́n orí àti agbára ọwọ́ rẹ̀ bá àárín gbùngbùn pátákó ẹlòmíràn. Kí ó ka nọ́ńbà tó wà lórí pátákó rẹ̀, kó tún un kà. Kí ó má ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá fún ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, kó má fi ẹwà ọ̀rọ̀ fẹ́ ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀, kó má gun òkè dé góńgó kó wá rí i pé òkè tí òun ń wá wà lódìkejì odò. Àwa tó sì ti ṣe é, àwa tí a ti yìnbọn tó dára sí pátákó tí kò kàn wá, Olódùmarè, fún wa ní étù díẹ̀ sí i.

Ẹni tó yìn kẹ́yìn fún Amẹ́ríkà lọ́jọ́ náà ni John Bodine. Ìgò ọtí gínjà kan bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó yìn. Ó fi aṣọ ìnujú di ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó sì bá àmì ní 1000 yáàdì. Òyìnbó fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí ìtàn akíkanjú. Akíkanjú ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo jẹ́ àgbà kò ní tọrọ irú rẹ̀ fún ọmọ mi. Ìgò rẹ kò ní bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ kò ní kán kó o tó yege. Bó bá sì ṣe pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò bẹ́, kí aṣọ ìnujú wà lápò rẹ, kí ọkàn rẹ sì má bẹ́ tẹ̀lé e.

Pápá Creedmoor yẹn kò pẹ́ tó fi parẹ́. Ní 1912, ilẹ̀ náà di ilé ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn, ó sì wà bẹ́ẹ̀ dòní. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yan ibi tí Port Harcourt yóò wà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo ibi tí ìbọn ti ń dún di ibi tí wọ́n ti ń wo ènìyàn sàn. Àmín.

Mo tún rántí ti Wimbledon ní England. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1860, Ọbabìnrin Victoria ló yin ìbọn àkọ́kọ́ níbi ìdíje tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ti de ìbọn Whitworth mọ́ orí irin fún un, wọ́n ti fojú rẹ̀ sùn, okùn ṣẹ́dà ló kù kí ó fà. Ó fà á, ọta sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àárín gbùngbùn pẹ́kípẹ́kí ní 400 yáàdì. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ó ń ṣẹlẹ̀ láyé, ẹ̀yin ènìyàn mi: àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń to gbogbo rẹ̀ fún wọn, tiwọn ni kí wọ́n fa okùn. N kò bú wọn. Ọmọ wa kò bá okùn ṣẹ́dà nílé, iṣu àti ìwé ló bá. Fún un ní ojú tó ń rí, ọwọ́ tó dúró, àti ọ̀rẹ́ tó mọ atẹ́gùn kà. Àwọn tó mọ eré yìí sọ pé ẹni tó jókòó ti awò lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùdíje, tó ń sọ fún un pé dúró, atẹ́gùn ti yí, ṣe pàtàkì tó ìbọn. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má wọ́n ọ. Ní pápá, nílé, níbi iṣẹ́, kí ẹni tí yóò sọ òtítọ́ fún ọ nípa atẹ́gùn má jìnnà sí ọ, kí etí rẹ sì gbà á.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí àdúrà rọlẹ̀ díẹ̀, torí n kò fẹ́ ká díbọ́n níwájú Ọlọ́run. Étù dúdú ti ṣe ohun mìíràn nílé wa. Láti 1877 títí di 1893, Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ dojú kọ ara wọn lórí òkè tó wà láàárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ṣakabùlà ló pọ̀ jù lọ́wọ́ Ìbàdàn, àwọn Èkìtìparapọ̀ sì rí ìbọn Snider gbà láti Èkó, ìbọn tó ń ràn jìnnà ju ṣakabùlà lọ. Láti inú ìró ohun ìjà ogun náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Kírìjì. Ọ̀nà jíjìn tí ọmọ wa fi ń ṣeré lónìí, òun ni wọ́n fi pa àwọn ọmọ ìyá ara wọn. Níhìn-ín pẹ̀lú, ní Bonny àti ní Kalabari, ilé òwò ńlá kì í pé láì ní ọkọ̀ ogun tó gbé àgbá síwájú. Ní 1869, àgbá tí wọ́n yìn sí ara wọn láàárín ìlú Bonny ló lé Jaja, olórí ọ̀kan nínú àwọn ilé wọ̀nyí, lọ tẹ Opobo dó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, nígbà ogun abẹ́lé, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Benjamin Adekunle jẹ́ ọ̀gá fún, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, gba Port Harcourt. Orúkọ wa wà nínú ìtàn ìbọn ìlú yìí, àwọn onílé sì mọ̀.

Nítorí náà, gbogbo ẹni tí ìbọn bá níhìn-ín, tí a mọ orúkọ rẹ̀ àti èyí tí a kò mọ̀, ọmọ Ikwerre, ọmọ Ìjọ, ọmọ Ìgbò, ọmọ Ògóni, ọmọ Yorùbá, Olódùmarè, fi ibùsùn ìtura fún wọn. Ẹ dákẹ́ díẹ̀.

Ní 2009, nígbà tí Ààrẹ Yar'Adua kéde ìdáríjì fún àwọn tó gbé ìbọn ní agbègbè yìí, àwọn ọ̀dọ́ inú ẹrẹ̀ kó ìbọn jáde, wọ́n tò ó sílẹ̀ kí gbogbo ayé rí i. Ògún, èyí tí wọn kò kó jáde, ìwọ mọ ibi tó wà. Jẹ́ kó dípẹtà síbẹ̀. Jẹ́ kí étù inú rẹ̀ rin. Ẹni tó ń wá a, kí ọ̀nà ibẹ̀ sọnù mọ́ ọn lójú. Kí ó ṣẹ́ ku èyí tí wọ́n ń yìn fún ayẹyẹ nìkan, àgbá tó ń dún létí omi tí àwọn ọmọdé ń fi ọwọ́ di etí tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká gbé ohùn sókè padà. Ẹnì kan sọ fún mi pé kí n gbàdúrà kí àwọn tí ọmọ wa ń bá díje tàsé. N kò ní gbà á. Àdúrà ọ̀lẹ ni. Ẹni tó bá borí nítorí pé gbogbo ènìyàn tàsé, kí ló wá fi han ara rẹ̀? Olódùmarè, là wọ́n lójú pẹ̀lú. Kí atẹ́gùn tó ń fẹ́ fún ọmọ wa fẹ́ fún wọn. Kí étù wọn gbẹ. Kí èyí tó bá kù díẹ̀ káàtó fún lára wọn rí ẹni yá a, kí ó sì jẹ́ ọmọ wa ni yóò kọ́kọ́ na ọwọ́. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ wa yìn ín dáadáa jù wọ́n lọ. (Mo jẹ́ àgbà, n kò sọ pé mo jẹ́ málékà.)

Àwọn tó wà nínú kòtò lábẹ́ pátákó, tí wọ́n ń fa àmì sílẹ̀ tí wọ́n ń gbé e padà sókè, tí ọta ń kọjá lórí wọn, Olódùmarè, bo orí wọn. Ẹni tó ń pàṣẹ lórí pápá, tó ń sọ pé ẹ yìn, tó ń sọ pé ẹ dúró, fún un ní ohùn tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́. Bó bá ní kí wọ́n dúró, kí ìka ọmọ wa jẹ́ àkọ́kọ́ tí yóò kúrò níbi tó wà.

Kí ó má ṣi étù mú. Étù ìgbàlódé tí kò ní èéfín kì í ṣe ẹgbẹ́ étù dúdú. Ẹni tó bá dà á sínú ìbọn àtijọ́, irin á fọ́ mọ́ ọn lójú. Kí ó má ki étù lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ọ̀rọ̀ wọ̀ ọ́ lára pẹ̀lú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu ló gbé, kí ọta rẹ̀ jókòó lórí étù dáadáa, kó má fi àlàfo sílẹ̀ sáàárín. Bí a sì ti dé ibí yìí, ẹ bá mi rántí àwọn ọdẹ wa nílé, tí wọ́n ń gba iṣẹ́ ìṣọ́ òru pẹ̀lú ìbọn tí alágbẹ̀dẹ fi páìpù ṣe. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa láti 1959 ní kí ẹni tó ní ṣakabùlà gba ìwé àṣẹ. Òfin kò lè sọ fún páìpù pé kó má bẹ́. Ọ̀pọ̀ ìka ló ti bá a lọ, ọ̀pọ̀ ojú ló ti fọ́. Ògún, àwọn tó ń fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ dúró sójú ọ̀nà nítorí àwọn ajínigbé, kí a lè rí oko lọ, dúró tì wọ́n. Má mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń ṣọ́ ilé.

Ọmọ mi, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo padà sí. Orí rẹ á gbè ọ́. Ilẹ̀ tí o bá dùbúlẹ̀ lé á gbà ọ́, èèrà kò ní rí ọ níbẹ̀. Oòrùn kò ní gba ojú rẹ. Èjìká rẹ á gba ìpadàsẹ́yìn ìbọn láì wú. Bí o bá yin àkọ́kọ́ tí kò bá a, ọkàn rẹ kò ní sáré lọ ka máàkì tó sọnù. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni kó o máa ṣe. Bó o bá borí, kí àwọn tó o borí lè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ láì fi eyín gé ètè. Bó o bá sì pàdánù, kí ó jẹ́ pé atẹ́gùn ló kọ́ ọ ní nǹkan. A kò ní gbọ́ pé o gbé ìbọn padà wálé pẹ̀lú ìbínú. Ìbínú àti ìbọn kò gbọdọ̀ wọ inú ọkọ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé kan náà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, bó ti wù kó rẹ̀ ọ́ tó, kó o fọ ìbọn rẹ. Èérí étù dúdú máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ ìpẹtà ti ń jẹ irin. Omi gbígbóná ni kó o fi fọ̀ ọ́, torí iyọ̀ inú èérí náà kì í gbọ́ ti òróró. Omi ló ń gbọ́. Fi aṣọ nù ún títí aṣọ yóò fi jáde ní funfun, kó o tó fi òróró pa á. Kí àpótí ìbọn rẹ ní kọ́kọ́rọ́, kí kọ́kọ́rọ́ náà má wà níbi tí ọmọdé lè dé. Kí ẹnu ibodè má dà ọ́ dúró, kí ìwé rẹ pé. Lẹ́yìn ìyẹn, kó o pe ìyá rẹ kó o tó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Kò mọ̀ ju pé ìbọn ni o gbé jáde nílé lọ. Kò tíì yé e pé pátákó lásán ni ò ń yìn ín sí, kò sì ní sùn títí yóò fi gbọ́ ohùn rẹ.

Àṣẹ.